Irin A Máa Gùn Nínú Iná: Ọ̀rọ̀ Nípa Àwọn Àgbá Irin Ilé-Iṣẹ́ àti Ìṣọ́ Tí Ó Yẹ Wọ́n

Kò sí ẹni tí ó ń gbé abẹ́ páànù nínú wa tí kò mọ ìró tí òrùlé máa ń dún ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú. Bí ọ̀sán bá ti ń pọ́n, a ó máa gbọ́ kà, kà, kà lókè. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, tí afẹ́fẹ́ tútù dé, ìró kan náà yóò tún padà wá. Àwọn ọmọdé a máa rò pé ẹyẹ ni ó bà lé orí ilé, tàbí pé alángbá ni ó ń sáré. Kì í ṣe ẹyẹ, kì í sì í ṣe alángbá. Páànù ni ó ń gùn nígbà tí oòrùn mú un, tí ó sì ń súnkì nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Ìṣó tí a fi kàn án mọ́ igi kò sì jẹ́ kí ó rìn bí ó ti fẹ́, òun ni ó fi ń ké.

Lórí òrùlé, ọ̀rọ̀ yìí kò ju ariwo lásán lọ. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá, níbi tí a gbé ń sé ooru omi híhó, tàbí epo gbígbóná, tàbí gáàsì mọ́ inú àgbá irin, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìgbóná tí ó ń mú páànù ké lè mú àgbá irin ya. Bí irú àgbá bẹ́ẹ̀ bá sì ya nígbà tí ipá wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó dúró tì í kì í sábà rí àyè láti sọ ohun tí ó rí. Nítorí náà ni a ṣe rò ó pé ó yẹ kí a fi ojú ìwé wa ti òní ṣe àlàyé bí irin ti ń gùn nínú iná, bí àwọn amòye ti ṣe fi àyè sílẹ̀ fún un, bí a ti ń wọn ìrìn rẹ̀, àti ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kọ etí dídi sí i. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ já sí: kí a jẹ́ kí irin rìn, kí a sì máa ṣọ́ bí ó ti ń rìn.

ÒFIN TÍ IRIN Ń TẸ̀LÉ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé òun, kí ó kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Gbogbo dígírì tí a ó dárúkọ níhìn-ín ni irú èyí tí omi fi ń di yìnyín ní 0, tí ó sì fi ń hó ní 100. Bí a bá mú irin tí ó gùn ní mítà 1, tí a sì fi dígírì 100 kún ìgbóná rẹ̀, yóò fi nǹkan bíi mílímítà 1.2 gùn sí i. Irin tí kì í dógùn-ún, irú èyí tí a fi ń ṣe ṣíbí àti ìkòkò dídán, a máa gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bíi mílímítà 1.7 ni tirẹ̀, bàbà náà sì súnmọ́ ọn.

Ẹlòmíràn lè bi wá pé, kí ni mílímítà kan já mọ́? Ìdáhùn wa ni pé àgbá ilé-iṣẹ́ kì í ṣe mítà kan, ìgbóná rẹ̀ kì í sì í ṣe dígírì 100 péré. Àgbá tí ó gùn ní mítà 12, tí a dá iná sí títí ìgbóná rẹ̀ fi fi dígírì 200 ju ti òwúrọ̀ lọ, yóò fi nǹkan bíi mílímítà 29 gùn, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú ìka ọwọ́ méjì. Kì í sì í ṣe gígùn nìkan ni ó ń pọ̀ sí i. Àgbá náà ń fẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo páìpù tí ó so mọ́ ọn lára ni ó sì ń tì kúrò ní ipò rẹ̀.

Bí a bá wá de irin mọ́lẹ̀ ní orí àti ní ìdí kí ó má baà gùn ńkọ́? Kò ní gbà. Irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, tí nínípọn rẹ̀ náà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, bí a bá dè é bẹ́ẹ̀ tí a sì fi dígírì 100 kún ìgbóná rẹ̀, yóò máa fi agbára tí ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2 àti ààbọ̀ ti ohun tí ó dè é. Irin tí a ń lò jùlọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin ìfaradà rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbóná bá tún kọjá bẹ́ẹ̀, yóò tẹ̀, kò sì ní padà sí bí ó ti wà mọ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ògiri àgbá ńlá nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Nígbà tí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá dìde, bóòtù ni yóò já, tàbí páìpù ni yóò là, tàbí ògiri tí a kọ́ ti àgbá náà ni yóò wó.

Èyí ni ewu kìíní, èyíinì ni pé kí a dí irin lọ́nà. Ewu kejì ni pé kí apá kan gbóná kí apá kejì tutù. Àwọn ìyá wa ti mọ èyí kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa. Kò sí ìyá tí ó gbọ́n tí yóò gbé ìkòkò amọ̀ kúrò lórí iná kí ó sì da omi tútù lé e lára. Ibi tí omi kàn yóò súnkì lójijì, ibi tí omi kò kàn yóò wà bí ó ti wà, ìjà yóò sì bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì, ìkòkò yóò sì sán. Irin lágbára ju amọ̀ lọ, kì í sì í sábà sán ní ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí i lóṣù dé oṣù, ojú sísán kan tí ó kéré ju irun orí lọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a jó irin pọ̀ mọ́ irin, yóò sì máa gùn lọ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tí ó gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kò ní ká a mọ́.

BÍ ÀWỌN AMÒYE TI FI ÀYÈ SÍLẸ̀

Kì í ṣe òní ni a ti ń wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1844, William Fairbairn, ẹnjiníà kan ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú John Hetherington, gba ìwé-àṣẹ lórí bọ́ílà kan tí ó ní ihò iná méjì nínú àgbá ńlá kan. Iná ń jó nínú ihò méjèèjì, omi sì yí wọn ká. Ó hàn gbangba pé ara ihò iná yóò gbóná ju ara àgbá tí ó wà lóde lọ, yóò sì fẹ́ gùn jù ú lọ. Nígbà tí kò rí àyè, yóò máa ti ojú àgbá ní iwájú àti ní ẹ̀yìn bí ẹni tí ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ bọ́ílà kọ́ láti fi ibi kan sílẹ̀ lójú àgbá, láàárín ihò iná àti àwọn irin tí ó di ojú àgbá mú, tí wọn kò fi ohunkóhun dì, kí ojú àgbá lè máa wọlé kí ó sì máa jáde díẹ̀ bí àyà ẹni tí ń mí. Àyè ìmí ni àwọn Òyìnbó ń pè é títí di òní, orúkọ náà sì bá a mu.

Ní 1852, Daniel Adamson gba ìwé-àṣẹ lórí ọ̀nà kan tí a fi ń pín ihò iná sí kúkúrú kúkúrú, tí a yí ètè ọ̀kọ̀ọ̀kan síta kí a tó so wọ́n pọ̀. Ètè wọ̀nyí ń mú ihò náà le, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó lè kákò díẹ̀. Ní 1877, Samson Fox ti ìlú Leeds tún mú èyí tí ó dára jù wá: ó ṣe ihò iná oníṣẹ́po, gẹ́gẹ́ bí páànù tí a fi ń bo ilé ti ṣẹ́po. Ohun tí ó ṣẹ́po lè nà, ó sì lè kákò, kò sì ní ti ẹlòmíràn ṣubú.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú irin tí ń fi ooru omi rìn, irú èyí tí ó gba ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn nígbà tí a ṣí i ní 1901. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n fi bóòtù de bọ́ílà rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iwájú nìkan ni wọ́n dè. Ẹ̀yìn, níbi tí àpótí iná wà, jókòó lórí irin tí ó ń yọ̀, kí ó lè máa sún sẹ́yìn nígbà tí iná bá mú un, kí ó sì padà nígbà tí ó bá tutù.

Bákan náà ni ti àwọn àgbá ilé-iṣẹ́ tí a dùbúlẹ̀. Orí ohun méjì tí a ń pè ní gàárì ni wọ́n máa ń jókòó, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń jókòó lórí gàárì ẹṣin. Gàárì kan ni a dè pinpin. Èkejì ni a fi sílẹ̀ kí ó máa yọ̀. Ihò bóòtù gàárì kejì yìí kì í ṣe róbótó. Ó gùn gbọọrọ, kí bóòtù lè rí àyè nínú rẹ̀.

Ní ti bọ́ílà àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá, a kì í gbé wọn kalẹ̀ rárá. A máa ń fi wọ́n kọ́ sókè ni. Ní Ẹgbin lẹ́bàá ọ̀sà, ní agbègbè Ìkòròdú, ẹ̀rọ 6 ni ó wà tí ooru omi ń yí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹ́gáwáàtì 220 jáde, a sì parí wọn láàárín 1985 sí 1987. Bọ́ílà tí ń bọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ a máa ga bí ilé alájà púpọ̀. Bí ògiri rẹ̀ bá ga ní mítà 40, tí ìgbóná rẹ̀ sì fi dígírì 300 pọ̀ sí i, yóò fi mílímítà 144 gùn, èyí tí ó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí a bá gbé e lélẹ̀, yóò máa ti gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sókè. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ọ̀pá irin gbé e kọ́ sára òpó òkè, kí ó lè máa gùn wá sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn, gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn.

BÍ A TI Ń WỌN ÌRÌN IRIN

Àyè nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fi àyè sílẹ̀ tí kò sì wo bóyá irin ń lo àyè náà dàbí ẹni tí ó ra àgádágodo tí kò sì tì í. Ọ̀nà tí ó rọrùn jùlọ láti fi ṣọ́ ọ kò ju ọfà kan àti pátákó onílà kan lọ. A ó jó ọfà irin kékeré mọ́ ara àgbá ní ibi tí a mọ̀ pé yóò rìn; a ó sì kan pátákó tí a fi mílímítà là mọ́ òpó kan tí ó dúró lọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a tó dá iná, a ó ka ibi tí ọfà wà, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìgbóná ti ń gòkè, a ó máa kà á ní ìpele ìpele. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí tí àgbá sì tutù, a ó tún kà á.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ìwé yìí ń dáhùn. Èkíní, ṣé àgbá náà rìn? Èkejì, ṣé ó rìn tó bí ìṣirò ti wí? Ẹ̀kẹta, ṣé ó padà sí ipò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a mú àgbá mítà 12 tí a ti sọ ṣáájú. Bí ìṣirò bá sọ pé mílímítà 29, tí ọfà sì fi 10 péré hàn, ohun kan ń dí i lọ́nà, agbára ìyókù sì ń kó jọ sí ibì kan tí a kò rí. Bí ọfà ọwọ́ ọ̀tún bá fi 29 hàn tí ti ọwọ́ òsì sì fi 12 hàn, àgbá náà ń lọ́. Bí ó bá sì tutù tán tí ọfà kò padà sí 0, tí ó dúró sí 4, ó lè jẹ́ pé irin ti tẹ̀ tàbí pé ibi tí ó jókòó lé ti yẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ tún dá iná títí a ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òpó tí a kan pátákó mọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ìgbóná ń bá. Bí òpó bá ń gùn pẹ̀lú àgbá, ọfà yóò dúró síbi kan, a ó sì máa rò pé àlàáfíà ni. Kí a sì kìlọ̀ fún àwọn akunlé, nítorí ọfà tí a kùn ní ọ̀dà pọ̀ mọ́ pátákó rẹ̀ kò tún ní sọ òtítọ́ kankan mọ́.

Ní ti gàárì tí ó yẹ kí ó máa yọ̀, ojú lásán tó láti fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí àgbá bá ti gbóná tí ó sì ti tutù ní ìgbà mélòó kan, kí a wo irin tí gàárì ń yọ̀ lé lórí. Bí a bá rí ibi tí ó ń dán, tí ọ̀dà ti họ kúrò, ó ń rìn. Bí ìpẹtà àti eruku bá bo gbogbo rẹ̀ láìsí àmì kankan, kò rìn rárá. Nígbà mìíràn, òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fa ewu yìí: ó rí nọ́ọ̀tì tí kò le, ó sì fi sípánà fún un mọ́lẹ̀ pinpin, láìmọ̀ pé ẹnjiníà mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí a dà sílẹ̀ nígbà àtúnṣe ni ó dì mọ́ ẹsẹ̀ àgbá.

Níbi tí ọfà kò bá tó, ohun èlò tí ó mú ju ú lọ wà. Gééjì olójú bí aago lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà. Òmíràn wà tí ọ̀pá rẹ̀ ń rìn nínú wáyà tí a ká, tí ó sì ń fi iná mànàmáná ránṣẹ́ sí yàrá tí a ti ń darí ẹ̀rọ, kí ènìyàn má baà máa gun àkàbà lọ sí ibi gbígbóná. Láti mọ ìgbóná fúnra rẹ̀, a ń lo ohun tí Thomas Seebeck rí ní 1821: bí a bá so wáyà méjì tí kì í ṣe irin kan náà pọ̀, tí a sì mú ìdí wọn gbóná, agbára iná mànàmáná díẹ̀ yóò dìde nínú wọn, láti inú èyí tí a lè ka dígírì. Ní 1938, Edward Simmons àti Arthur Ruge, tí olúkúlùkù wọn ń dá ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí a fi lè lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ ara irin. Bí irin bá nà, wáyà náà yóò nà, iná mànàmáná kò sì ní kọjá nínú rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ ìyà tí ń jẹ irin kí ó tó hàn sí ojú.

Níbi ìfọ́po, àgbá gíga kan wà tí a fi ń se ìsàlẹ̀ epo rọ̀bì títí yóò fi di èédú. Ohun tí a ń dà sínú rẹ̀ gbóná tó nǹkan bíi dígírì 480; nígbà tí ó bá sì kún, a ó da omi sí i kí ó tutù, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbóná àti ìtútù àlọ-àbọ̀ yìí a máa mú ikùn àgbá náà wú níhìn-ín kí ó sì sún wọlé lọ́hùn-ún. Lóde òní, a ń rán ìmọ́lẹ̀ lésà wọ inú rẹ̀ láti wọn gbogbo ara rẹ̀ yí ká, kí a lè fi ti ọdún yìí wé ti èṣí.

Ìṣọ́ kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì púpọ̀ fún bọ́ílà ńlá. Ní òkè rẹ̀ ni àgbá kan wà tí omi àti ooru omi ti ń pínyà. Nígbà tí a bá ń dá iná, òkè àgbá yìí, tí ooru omi kàn, a máa gbóná yára ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ, tí omi jókòó sí. Òkè yóò gùn ju ìsàlẹ̀, àgbá yóò sì fẹ́ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ológbò tí ń bínú. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ohun ìwọn-ìgbóná sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, a kì í jẹ́ kí ìyàtọ̀ wọn kọjá nǹkan bíi dígírì 50, a kì í sì í jẹ́ kí ìgbóná omi fi ju nǹkan bíi dígírì 55 lọ gòkè ní wákàtí kan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ FLIXBOROUGH

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni a ń sọ, kí ó gbọ́ ìtàn yìí. Ní abúlé Flixborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ó ní àgbá ńlá 6 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ínǹṣì 14 rẹlẹ̀ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ohun olómi kan tí ń jó bí pẹtiróòlù ni ó ń ṣàn nínú wọn, ìgbóná rẹ̀ tó dígírì 155, ipá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 9 ti afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Nítorí pé àwọn àgbá náà ń gùn bí wọ́n ti ń gbóná, a fi páìpù kúkúrú oníṣẹ́po sí àárín wọn. Àwọn Òyìnbó fi orúkọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ pè é, nítorí bí ẹwìrì ti ń nà tí ó sì ń kákò, bẹ́ẹ̀ ni òun náà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1974, a rí i pé àgbá karùn-ún ti sán. A yọ ọ́ kúrò, a sì fi páìpù kan so ẹkẹrin mọ́ ẹkẹfà kí iṣẹ́ má baà dúró pẹ́. Ihò tí ó wà lára àwọn àgbá jẹ́ ínǹṣì 28. Páìpù tí a rí lò jẹ́ ínǹṣì 20. Nítorí pé ẹkẹfà rẹlẹ̀ ju ẹkẹrin lọ, páìpù náà ní láti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì. A fi ẹwìrì irin sílẹ̀ ní orí rẹ̀ méjèèjì, a sì gbé e lé orí irin àtẹ̀gùn àwọn kọ́lékọ́lé. Àwòrán tí a yà fún iṣẹ́ náà kò ju èyí tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà sórí ilẹ̀ ìsọ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìṣirò ipá tí yóò máa ti ibi tí páìpù náà gbé ṣẹ́ kọ́rọ́, kò sì sí ẹni tí ó wo ìwé ìlànà àwọn tí ó ṣe ẹwìrì náà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù méjì, ohun gbogbo dàbí ẹni pé ó dára. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, páìpù náà já, ìkùukùu ohun tí ń jó rú jáde, iná sì gbà á. Ènìyàn 28 ni ó kú, 18 nínú wọn ni ó wà nínú yàrá tí a ti ń darí ẹ̀rọ, ẹnì kan kò sì jáde láàyè níbẹ̀. Ìbá ṣe pé ọjọ́ iṣẹ́ ni, àwọn tí ìbá kú ìbá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò farasin. Ẹwìrì irin jẹ́ ohun dáradára láti fi fún irin láyè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rìn gbọdọ̀ ní ohun tí yóò tọ́ ìrìn rẹ̀. Bí a bá fún irin láyè ní ibi tí kò yẹ, láìdì í mú ní ibi tí ó yẹ, àyè náà gan-an ni yóò di ọ̀nà ikú.

OHUN INÚ ÀGBÁ NÁÀ Ń GÙN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni èyí. Sílíńdà gáàsì tí ó wà ní ilé ìdáná wa jẹ́ àgbá irin tí a sé ipá mọ́. Gáàsì tí ó wà nínú rẹ̀ wà bí omi, ó sì ń fẹ̀ nínú ìgbóná ju omi lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Nítorí náà ni ìlànà fi sọ pé kí a má ṣe kún un ju nǹkan bíi ìdá 80 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí àyè lè ṣẹ́kù fún un. Bí a bá kún un dé ẹnu, tí a sì gbé e sínú oòrùn, kò ní rí ibi tí yóò fẹ̀ sí, ipá rẹ̀ yóò sì ga sókè lójijì. Ojú kò lè rí inú sílíńdà. Òṣùwọ̀n ni ó lè sọ ọ́. Ìwọ̀n sílíńdà òfìfo wà ní kíkọ sí ara rẹ̀. Kí oníbàárà má ṣe tijú láti ní kí a gbé e ka òṣùwọ̀n lójú òun. Ẹni tí ó bá sì bẹ olùtà pé kí ó fi díẹ̀ kún un, ewu ni ó ń fi owó rà.

Ọ̀RỌ̀ ÌYÀNJÚ

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyànjú díẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-iṣẹ́, yálà ilé epo pupa ni tàbí ilé ọtí tàbí ilé ìfọṣọ, ẹ má ṣe kánjú dá iná ní òwúrọ̀ nítorí èrè wákàtí kan. Ọfà kan, pátákó kan àti ìwé àkọsílẹ̀ kan kò tó owó ohun tí bọ́ílà kan yóò bàjẹ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ń ṣọ́ bọ́ílà, bí ẹ bá dé tí ẹ kò rí omi nínú gíláàsì mọ́, ẹ pa iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe da omi tútù lu irin tí ó ti pọ́n, nítorí ohun tí ó ń fọ́ ìkòkò ìyá yín ni yóò fọ́ òun náà. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ béèrè kí ẹ tó jó ohunkóhun mọ́ ẹsẹ̀ àgbá, kí ẹ sì má ṣe fún nọ́ọ̀tì tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ti Ìjọba, Òfin Ilé-Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ti fi dandan lé e pé kí ẹni tí a fún ní àṣẹ máa yẹ bọ́ílà wò láti ìgbà dé ìgbà, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n ìwé tí a fọwọ́ sí láìdé ibi tí àgbá wà kò lè gba ẹnikẹ́ni là. Ní 1854 ni àwọn ará Manchester, tí Fairbairn wà nínú wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń rán àwọn olùyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ dé ilé-iṣẹ́, nítorí ó ti sú wọn láti máa ka òkú lẹ́yìn tí bọ́ílà bá ti bú. Wọn kò dúró de ọjọ́ ìbú kí wọ́n tó lọ wò ó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Irin kò ní ẹnu, kò sì lè sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ó ń rìn, ìrìn rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa tí a fi iná sí abẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa ka ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́, kí a sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kí Ọlọ́run kí ó máa ṣọ́ gbogbo ọmọ wa tí ń bá iná àti irin ṣiṣẹ́, kí ó sì máa mú wọn padà sí ilé wọn ní àlàáfíà.